Bí O Ṣe Lè Máa Ti Ilé Lọ sí Yunifásítì ní Èkìtì Láìjẹ́ Kí Ẹ̀kọ́ Rẹ Forí Ṣánpọ́n

Ní gbogbo ìgbà tí orúkọ àwọn tó rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí àti àwọn ọmọ máa ń bi mí: "Ilé wa wà ní Adó, tàbí ní Ìkẹ́rẹ́, tàbí ní Ìyìn, ṣé ọmọ lè máa ti ilé lọ, kó sì máa padà wálé nírọ̀lẹ́, dípò kí á gba yàrá fún un?" Ìdáhùn mi ni pé ó ṣeé ṣe. Mo ṣe é fún ọdún mẹ́rin, mo sì mọ àwọn mìíràn tó ṣe é tí èsì wọn dára gidigidi. Ṣùgbọ́n mo tún mọ àwọn tó dàrú mọ́ lọ́wọ́, nǹkan méjì ló sì sábà máa ń dà á rú fún wọn ju jíjìn ọ̀nà lọ: wákàtí tó ṣófo láàárín kíláàsì kan sí òmíràn, àti ìròyìn tó kọjá nígbà tí wọn kò sí nítòsí. Bí o bá lè mójú tó méjèèjì, owó ọkọ̀ àti ìdìde ní kùtùkùtù yóò di ohun tí apá rẹ ká.

Kí o tó pinnu

1. Wádìí ibi tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ wà gan-an. Ojú ọ̀nà Adó sí Ìwòròkó ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, EKSU, wà. Politẹ́kíníkì Ìjọba Àpapọ̀ wà lójú ọ̀nà Ìjàn, BOUESTI, yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà fún ìmọ̀ ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, sì wà ní Ìkẹ́rẹ́. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀, FUOYE, ní ọgbà méjì, ọ̀kan ní Ọyẹ́, èkejì ní Ìkọ̀lé, Ìkọ̀lé sì ni àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ń lọ. Ẹni tó ń gbé Adó, tó ti fi Ọyẹ́ ṣírò owó ọkọ̀ rẹ̀, lè wá rí i pé ìrìn ṣì kù níwájú òun. Bákan náà, ẹni tó ń ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí EKSU yóò la Adó já láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, nítorí gúúsù Adó ni Ìkẹ́rẹ́ wà, ọ̀nà Ìwòròkó sì wà ní àríwá.

2. Rin ọ̀nà náà wò kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé. Má ṣe lọ lọ́jọ́ Sátidé, nítorí ọ̀nà ọjọ́ Sátidé yóò tàn ọ́ jẹ. Lọ lọ́jọ́ Ajé, kí o kúrò nílé ní wákàtí tí o rò pé o máa ń kúrò, kí o sì kọ àkókò sílẹ̀ ní ìpele ìpele: láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ibi tí o ti ń wọ ọkọ̀, ìṣẹ́jú tí o fi dúró de ọkọ̀, ìṣẹ́jú tí o lò lójú ọ̀nà, àti láti ẹnu géètì dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ìpele tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà, bẹ́ẹ̀ ọgbà yunifásítì kì í ṣe ibi kékeré. Dúró títí di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí o tó padà, kí o lè mọ bí ọkọ̀ ṣe ń ṣòro tó ní àbọ̀. Tún ọ̀nà náà rìn lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ tàbí lọ́jọ́ ọjà ìlú yín.

3. Ṣírò owó fún sẹ̀mẹ́sítà kan, má ṣe ṣírò rẹ̀ fún ọjọ́ kan péré. Ká ní ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ N500, tí o ń wọ ọkọ̀ méjì ní àlọ àti méjì ní àbọ̀, N2,000 nìyẹn lójúmọ́. Fún ọjọ́ márùn-ún, ó di N10,000. Fún ọ̀sẹ̀ 15, ó di N150,000. Mo fi iye yìí ṣe àpẹẹrẹ ni. Fi iye tí àwọn awakọ̀ ń gbà lágbègbè rẹ rọ́pò rẹ̀, kí o sì fi díẹ̀ kún un nítorí pé owó ọkọ̀ máa ń gbéra nígbàkígbà tí epo bá wọ́n.

4. Gbé iye náà sí ẹ̀gbẹ́ owó yàrá ní Ìwòròkó tàbí ní ìtòsí ọgbà. Nígbà tí o bá ń ṣe èyí, rántí pé owó yàrá nìkan kọ́ ni ìwọ yóò san: owó aṣojú onílé wà níbẹ̀, owó ìwé àdéhùn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gáàsì, omi, iná àti oúnjẹ tí ìyá rẹ kì yóò sè fún ọ mọ́.

Èrò tèmi ni pé bí àlọ nìkan bá ń gbà ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, tàbí bí o bá ní láti wọ ọkọ̀ mẹ́ta kí o tó dé, kí o wá ọgbọ́n mìíràn, èyí tí mo sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ fi àlọ àti àbọ̀ ṣe ètò ìgbà pípẹ́ rárá, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá dé ọdún tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, àkókò wọn kì í tún wà lọ́wọ́ ara wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, gbìyànjú láti má ṣe padà sílé kí ilẹ̀ tó máa ṣú, àní bí kíláàsì kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìgbà yìí ni wọ́n ń lẹ ìwé mọ́ ògiri, tí wọ́n ń pààrọ̀ yàrá ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì ń yan àwọn tí yóò máa ṣojú kíláàsì.

1. San owó ilé ẹ̀kọ́, forúkọ sílẹ̀ fún àwọn kọ́ọ̀sì rẹ, kí o sì tẹ ìwé ẹ̀rí méjèèjì jáde. Ṣe ẹ̀dà mẹ́ta ìwé kọ̀ọ̀kan. Ojúlówó kò gbọ́dọ̀ máa wà nínú báàgì tí o ń gbé wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́. Fi í pa mọ́ sílé, ẹ̀dà ni kí o máa gbé kiri.
2. Mú ìwé kọ́ọ̀sì lọ fún olùkọ́ tó ń mójú tó kíláàsì yín fúnra rẹ kí ó fọwọ́ sí i. Má ṣe rán ẹlòmíràn nítorí pé ilé jìnnà.
3. Gba nọ́ńbà fóònù ènìyàn mẹ́ta: aṣojú kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé nínú ọgbà tàbí ní Ìwòròkó, àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé ní ọ̀nà ilé tìrẹ.
4. Wọ ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì, ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́, àti ti kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bí ó bá wà.

Ìdí tí mo fi ní ènìyàn mẹ́ta ni pé ẹnì kan ṣoṣo lè gbàgbé, fóònù rẹ̀ sì lè kú. Ẹni tó ń gbé nítòsí ọgbà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ pé olùkọ́ ti yí kíláàsì agogo mẹ́jọ padà sí agogo mọ́kànlá. Ẹni tó ń gbé ní ọ̀nà ilé rẹ ni yóò sọ fún ọ pé ọkọ̀ kò sí láàárọ̀ yìí. Ìwọ náà gbọ́dọ̀ ṣe wọ́n lóore. Bí o bá ń béèrè ìròyìn lójoojúmọ́ tí o kò sì mú nǹkan kan wá, àárẹ̀ yóò mú wọn. Ìwé tí o kọ dáadáa nínú kíláàsì, tí o sì fi ránṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ sí ẹni tí kò lè wá, iyì tó ń mú wá pọ̀.

Ìkìlọ̀: ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o fún òun ní ọ̀rọ̀ aṣínà (password) rẹ, kí òun lè bá ọ fi orúkọ sílẹ̀ nígbà tí o bá wà nílé, má ṣe gbà. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fi kọ́ọ̀sì tí kì í ṣe tirẹ̀ sílẹ̀ fún, tí kò mọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Wákàtí tó ṣófo: ibí ni ọ̀rọ̀ wà

Ẹni tó ń gbé nínú ọgbà lè padà lọ sùn nígbà tí kò bá sí kíláàsì. Ìwọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ní kété tí àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ bá jáde, ya ọ̀sẹ̀ rẹ sórí ìwé kan, kí o kùn ibi tí kíláàsì wà, kí o sì wo ibi tó ṣẹ́ kù. Ìyanu ni ó máa ń jẹ́ fún àwọn tó bá ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ pé wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá ló ń lọ lófo láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ní abẹ́ igi, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń kàwé.

Bí mo ṣe máa ń pín in nìyí. Bí àlàfo náà kò bá tó wákàtí méjì, mo máa ń jókòó sínú yàrá ẹ̀kọ́ náà gan-an, máa ka ohun tí olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa, máa sì kọ ìbéèrè tí kò yé mi sílẹ̀ kí n tó gbàgbé rẹ̀. Bí ó bá tó wákàtí méjì sí mẹ́rin, ilé ìkàwé ni mo ń lọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo sì ń gbé dání, nítorí pé ẹni tó bá gbé ìwé kọ́ọ̀sì mẹ́rin wọ ilé ìkàwé yóò ṣí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìparí ọ̀kan. Bí ó bá ju wákàtí mẹ́rin lọ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ àṣetiléwá ti ń parí, pátápátá, kí ó má bà á bá mi délé. Ìrètí pé "màá ṣe é nílé lálẹ́" ló ń pa akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ ọkọ̀ lára jù. Lálẹ́, ó ti rẹ̀ ọ́, iná lè má sí, àwọn ará ilé sì ń retí ìrànwọ́ rẹ.

Má ṣe padà sílé láàárín kíláàsì méjì. Ní ọdún kejì mi, kíláàsì kan parí ní agogo mẹ́wàá, èyí tó kàn wà ní agogo mẹ́ta, mo sì ní kí n sáré lọ jẹun nílé. Ní agogo kan, olùkọ́ wọlé, ó ní òun ń rin ìrìn-àjò, nítorí náà òun yóò ṣe tẹ́ẹ̀sì òun lójú ẹsẹ̀. Nínú máàkì 30 tí wọ́n ń fún wa fún iṣẹ́ àárín sẹ̀mẹ́sítà, 15 ló wà nínú tẹ́ẹ̀sì yẹn. Mo dé ní agogo méjì kọjá díẹ̀, nígbà tí wọ́n ń kó ìwé jọ. Nígbà tí èsì jáde, mo rí ohun tí oúnjẹ ọ̀sán yẹn ná mi.

Ọjọ́ tí kíláàsì kan péré wà náà léwu. Èrò tó máa ń wá ni pé owó ọkọ̀ ọjọ́ náà kò tọ́ sí kíláàsì kan. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Nàìjíríà ló ní òfin pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wà ní ó kéré tán ìdá 75 nínú 100 kíláàsì kí ó tó lè jókòó ṣe ìdánwò. Fún kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń kọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15, èyí túmọ̀ sí pé o gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní ìgbà 12. Ìgbà mẹ́ta péré ni o lè pa jẹ, àìsàn àti ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà yóò sì gbà nínú mẹ́ta yẹn. Lọ. Fi ilé ìkàwé kún ọjọ́ náà kí owó ọkọ̀ rẹ má bà á ṣòfò.

Àlọ àti àbọ̀

Ka àkókò sẹ́yìn láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Bí kíláàsì bá jẹ́ agogo mẹ́jọ, tí ìrìn tí o rìn wò sì fi hàn pé wákàtí kan ni ọ̀nà náà ń gbà, kúrò nílé ní agogo mẹ́fà àbọ̀, kí ìṣẹ́jú 30 wà fún ohun tí o kò retí. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tọ́jú nǹkan wọ̀nyí sínú báàgì:

- ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ àti ti ìwé kọ́ọ̀sì;
- ìwé àti bírò méjì, pẹ̀lú ọ̀rá tó lè bo gbogbo ìwé bí òjò bá dé;
- pọ́wà báǹkì tó kún;
- omi, àti oúnjẹ tí kò lè bàjẹ́ kó tó di ọ̀sán;
- owó ọkọ̀ ní ṣénjì, àti owó àbọ̀ ní àpò ọ̀tọ̀ tí o kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

Owó àbọ̀ yẹn ni kí o fi sọ́kàn jù. Bí ó bá ti wà ní àpò kan náà pẹ̀lú owó oúnjẹ, ìwé kan tí wọ́n ní kí ẹ rà ní pàjáwìrì yóò gbé e lọ.

Nípa ọkọ̀ fúnra rẹ̀: wọ ọ́ ní gáréèjì tàbí ní ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń wọ̀ ọ́, má ṣe wọ ọkọ̀ àdáni tó kàn dúró fún ọ lójú ọ̀nà, pàápàá bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Bí o bá máa gun ọ̀kadà, kí ó jẹ́ ìwọ nìkan lẹ́yìn, má sì gùn ún nínú òjò. Fi nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé nígbà tí o bá ń padà. Ṣọ́ oòrùn pẹ̀lú: ní oṣù Keje, ó ń tó nǹkan bí agogo méje kí ó tó wọ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ó ti máa ń wọ̀ kí agogo mẹ́fà àbọ̀ tó lù. Ẹni tí ó bá ti mọ́ lára láti kúrò ní ọgbà ní agogo mẹ́fà nígbà òjò gbọ́dọ̀ máa kúrò ní wákàtí kan ṣáájú ìyẹn nígbà ọyẹ́.

Bí kíláàsì bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, má ṣe dá nìkan jáde sí títì. Dúró de àwọn tó ń lọ sí Básírì, Adébáyọ̀ tàbí ibi tí ó bá wà ní ọ̀nà rẹ, kí ẹ jọ wọ ọkọ̀.

Ní ilé

Àwọn ará ilé kì í mọ̀ pé o ti ṣiṣẹ́, nítorí pé wọn kò rí ọ níbi iṣẹ́. Bí o bá wọlé ní agogo méje, ó lè jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n ń dúró dè láti gún iyán. Kò yẹ kí o bínú. Kò sì yẹ kí o dákẹ́. Lẹ ẹ̀dà àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, fi pupa sàmì sí ọ̀sẹ̀ tẹ́ẹ̀sì àti ti ìdánwò, kí o sì jókòó bá àwọn òbí rẹ sọ̀rọ̀ kí sẹ̀mẹ́sítà tó gbóná. Sọ iṣẹ́ ilé tí o lè máa ṣe fún wọn, kí o sì máa ṣe é láìjẹ́ pé wọ́n rán ọ létí. Ẹni tó bá fọ aṣọ, tó sì pọn omi lọ́jọ́ Sátidé láìbéèrè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọ̀ létí nígbà tó bá sọ pé òun kò ráàyè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé nítorí pé ọmọ ń ti ilé lọ, kò tíì kúrò ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ má ṣe pè é padà wá sí ìsọ̀ láàárín ọ̀sán. Bí ìnáwó ẹbí bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì tí ó ní tẹ́ẹ̀sì, ẹ jẹ́ kí ó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kí ó tó wá bá yín níbẹ̀. Wákàtí méjì ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lálẹ́ pẹ̀lú iná tó ṣeé fi kàwé, ìrànwọ́ ńlá ni.

Àsìkò ìdánwò

Má ṣe fi ìdánwò agogo mẹ́jọ sí ọwọ́ ọkọ̀ àárọ̀. Bí ọ̀nà rẹ bá jìn, ètò tó dára jù ni kí o sùn sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan ní ìtòsí ọgbà ní alẹ́ tó ṣáájú ìdánwò, tàbí jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

1. Bá ọ̀rẹ́ náà sọ ọ́ ní oṣù kan ṣáájú, má ṣe já lù ú.
2. Béèrè bóyá òfin ilé náà gba àlejò. Àwọn ilé ibùgbé inú ọgbà sábà máa ń lé ẹni tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì lè fìyà jẹ ẹni tó gbà á sílé.
3. Gbé oúnjẹ tìrẹ lọ láti ilé. Gàrí, èlùbọ́, iṣu àti epo pupa ń dín ìnira onílé kù ju ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lọ.
4. Jẹ́ kí àwọn òbí rẹ mọ ilé náà àti nọ́ńbà ẹni tó ni í.

Bí kò bá sí irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, bá takisí tàbí ọlọ́kadà kan tí ẹ mọ̀ ládùúgbò ṣe àdéhùn fún àwọn ọjọ́ ìdánwò nìkan, kí o sì dé ọgbà ní agogo méje.

Bí owó bá fẹ́ dá ọ dúró

Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, NELFUND, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìbéèrè ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Owó ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san tààrà fún ilé ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì béèrè fún owó ìtọ́jú ara rẹ̀ ń gba N20,000 lóṣù. Kò ní èlé, ìsanpadà rẹ̀ sì di ọdún méjì lẹ́yìn tí o bá parí iṣẹ́ ìsìnlú. Gbèsè ni síbẹ̀síbẹ̀. Bá àwọn òbí rẹ jíròrò kí o tó gbà á. Nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà matric, NIN, BVN àti àkáǹtì tó jẹ́ ti orúkọ rẹ ni o nílò, orúkọ tó wà lórí gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ bára mu. Má ṣe san owó fún ẹnikẹ́ni láti bá ọ kọ ọ́, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni.

Ìgbà tó yẹ kí o yí ètò padà

Wo ara rẹ ní ìparí sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́. Bí o bá ti pa kíláàsì agogo mẹ́jọ jẹ ju ìgbà mẹ́ta lọ nínú kọ́ọ̀sì kan, bí oorun bá ń gbé ọ lọ nínú kíláàsì ọ̀sán, tàbí bí èsì rẹ bá mú kọ́ọ̀sì tí o gbọ́dọ̀ tún ṣe wá, má ṣe dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ọgbọ́n àárín kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó ń ti ilé wá jọ gba yàrá kan, kí wọ́n máa sùn níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, kí olúkúlùkù sì padà sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ lọ gbé oúnjẹ. Fún ẹni tó ń ti Adó lọ sí Ìkọ̀lé, èyí ni mo máa ń kọ́kọ́ dábàá. Ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀ kí ẹ tó san owó: ta ni yóò san kí ni, ta ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ kó jáde ní àárín ọdún.